Lẹ́tà sí ẹ̀yin Old Boys Government College Ìbàdàn: ẹ má kọ ìtàn ọgọ́rùn-ún ọdún yín láì ka Àpáta mọ́ ọn

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìmúra. 2029 ò jìnnà mọ́. 28 February ọdún yẹn ni Government College Ìbàdàn máa pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹni tó bá sì mọ̀ yín dáadáa mọ̀ pé ẹ ò ní fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré rárá. Aṣọ ẹbí á wà, ìwé ìrántí ńlá aláwọ̀ mèremère á wà, wọ́n á gbá cricket, àwọn tó wà ní London àti Amẹ́ríkà á wọ bàálù wálé, bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún á máa fi orúkọ ìnagijẹ pe bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún, àwọn ọmọ-ọmọ wọn á wá máa wò wọ́n tìyanu-tìyanu. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kẹ́ ẹ rí i. Mi ò wá da ayẹyẹ rú.

Èmi ò kí ń ṣe old boy o, mi ò kàwé jáde níbẹ̀, kẹ́ ẹ má bàa máa bi ara yín pé set wo nìyí. Ọmọ Àpáta ni mí, àdúgbò tí ilé ìwé yín wà ní Ìbàdàn, ìta fẹ́ǹsì yín ni mo dàgbà sí, ẹnikẹ́ni tó bá sì dàgbà ní Àpáta mọ̀ pé kò sí bó o ṣe fẹ́ júwe ilé ẹ fún àlejò tí o ò ní dárúkọ Government College. Tó o bá ti kọjá Government College kó o bọ́ sílẹ̀. Kó o tó dé Government College wà á rí títì kan lọ́wọ́ òsì. Bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn láti kékeré. Nítorí náà ohun tí mo wá tọrọ ò pọ̀ jù: ìtàn tẹ́ ẹ máa kọ sínú ìwé ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka Àpáta mọ́ ọn. Kì í ṣe ojú ìwé kan ṣoṣo lápá ẹ̀yìn o, èyí tí wọ́n á fi kí wa pé a ṣeun, a gbàlejò, tí wọ́n á wá fi fọ́tò Baálẹ̀ kan tì í. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ kà wá mọ́ inú ìtàn gan-an ni.

Mo mọ ìtàn tó máa wà níwájú, èmi náà ti mọ̀ ọ́n lórí. Ìjọba òyìnbó dá ilé ìwé sílẹ̀ ní 1929, wọ́n fẹ́ kó jọ àwọn ilé ìwé ńlá tó wà lọ́dọ̀ wọn ní England, kí ọmọ máa gbé inú ọgbà, kó kàwé, kó sáré ìje, kó mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti tábìlì. Wọlé Ṣóyínká ṣe ibẹ̀, òun ló wá gba ẹ̀bùn Nobel ti lítíréṣọ̀ ní 1986. Cyprian Ekwensi tó jẹ́ òǹkọ̀wé ṣe ibẹ̀, T. M. Àlùkò, òǹkọ̀wé bíi tiẹ̀, náà ṣe ibẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínkùgbé tó jẹ́ àgbà dókítà, Christopher Kọ́ládé, Ọmọlolú Olúnlọ́yọ̀ọ́ tó di gómìnà Ọ̀yọ́ ní 1983. Tí wọ́n bá dárúkọ àwọn èèyàn yìí ní Àpáta, orí wa máa ń wú bíi pé ẹbí wa ni wọ́n, a ó tiẹ̀ máa fi wọ́n yangàn fún àwọn ọmọ Bódìjà.

Ṣùgbọ́n ẹ tún orúkọ yẹn wò. Abẹ́òkúta ni Ṣóyínká ti wá. Iléṣà ni Àlùkò ti wá, Òndó ni Akínkùgbé ti wá, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí sí Minna ni Ekwensi. Olúnlọ́yọ̀ọ́, òun jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, ọmọ ilé ńlá sì ni. Kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀, ilé ìwé tó ń fi ìdánwò ṣa ọmọ láti ọ̀nà jíjìn ni, bó ṣe yẹ kó rí fún irú ẹ̀ nìyẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ilé ìwé lè wà lórí ilẹ̀ àdúgbò kan fún ọdún gbọọrọ kí ọmọ tó ń gbé iwájú géètì má mọ̀ bí inú ẹ̀ ṣe rí. Ẹ wo orúkọ àwọn House yín, àwọn ilé tí wọ́n ń pín ọmọ ilé ìwé sí: Grier, Swanston, Carr, Field, Powell. Kò sí èyí tó jẹ́ ti ará Àpáta nínú wọn. Mi ò ní kẹ́ ẹ yí wọn padà o, orúkọ tí ẹ fi ṣe ọmọdé ni, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án á gbọ́ tiẹ̀. Mo kàn ní kẹ́ ẹ wò ó ni.

Ó yẹ kí ìtàn yẹn bẹ̀rẹ̀ ṣáájú 1929. Ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901, ó gba Abẹ́òkúta, ó gba Omi-Àdìó wọlé. Moor Plantation tí wọ́n fi orúkọ òyìnbó kan, Ralph Moor, pè, ìjọba ti sọ ọ́ di oko ìwádìí, wọ́n sì ti dá ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1921, ìyẹn ọdún mẹ́jọ ṣáájú tiyín. Nígbà tá à ń wí yìí Ìbàdàn fúnra ẹ̀ ò tíì gba ara ẹ̀, abẹ́ Ọ̀yọ́ ni òyìnbó tò ó sí, Captain Ross ni Resident, ìyẹn aṣojú ìjọba òyìnbó, àwọn ìjòyè Ìbàdàn ń ráhùn pé àwọn ò sin Aláàfin, wọn ò gbọ́ tiwọn, 1934 ni wọ́n tó yọ Ìbàdàn kúrò níbẹ̀. Baálẹ̀ ni wọ́n ṣì ń pe olórí ìlú, 1936 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Olúbàdàn. Àárín irú wàhálà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti wá wọn ilẹ̀ ilé ìwé yín jáde nínú oko.

Mo ní nínú oko. Òfin gbígba ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú ti wà láti 1917, òfin náà sì lágbára, tí ìjọba bá ti ní ibí yìí ni òun fẹ́, àgbẹ̀ ò lè ní òun ò kúrò, owó ló máa gbà, á sì kó àdá àti ọkọ́ ẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Ta ló ń dáko níbi tí pápá cricket wà lónìí? Ilé ta ni wọ́n ti ń wá bu omi lódò ẹ̀yìn ọgbà? Kí lọ́yà tó wà láàárín yín má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn aṣọ dúdú o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà ilẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá gba pápá padà. Orúkọ ni mo fẹ́ kó wà níbẹ̀. National Archives wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ ò ní rìn jìnnà, fáìlì tí àwọn òyìnbó kọ nípa Ọ̀yọ́ Province àti Ìbàdàn Division wà níbẹ̀ tìgàǹgàn tìgàǹgàn, ẹni bá ní sùúrù ló máa rí nǹkan. Ẹ ní ọ̀jọ̀gbọ́n láàárín yín bí erùpẹ̀. Ẹ fún àwọn ọ̀dọ́ méjì tó kàwé ìtàn lówó mọ́tò àti owó oúnjẹ, kí wọ́n lọ jókòó síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan, mo búra owó yẹn ò ní tó owó kánópì.

Èyí tí ò sí nínú fáìlì òyìnbó ló wá le jù. Ilé ìwé tí ọmọ ń gbé inú ẹ̀, ta ló ń se oúnjẹ? Kúùkù ló wà ńbẹ̀, sítúwọ́ọ̀dù ló wà ńbẹ̀, alágbàfọ̀, gádínà, káfíńtà tó ń tún àga ṣe, àwọn tó ń fi àdá gé koríko kẹ́ ẹ tó lè gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀, maigádì. Àwọn kan nínú wọn wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n kọ́lé sí Àpáta, ọmọ wọn di ọmọ Àpáta, ẹlòmíì nínú wa tó ń sọ èdè Ìbàdàn báyìí, bàbá bàbá ẹ̀ wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín ni. Àwọn ìyá tún wà. Ilé ìwé ọkùnrin ni, nítorí náà obìnrin ò sí nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ mọ ẹni tó ń ta àkàrà, ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ ní gbèsè gààrí nígbà tí ebi bá ti mú yín tí oúnjẹ dining hall ò tó. Ẹ máa rẹ́rìn-ín tẹ́ ẹ bá ń sọ ọ́ níbi ìpàdé yín, ìtàn aláyọ̀ ni, àmọ́ ìyá yẹn ò ní orúkọ nínú ìtàn yẹn, Ìyá Alákàrà ni. Ó ní orúkọ. Ọmọ ẹ̀ wà, ẹ béèrè.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti máa korò díẹ̀ la dé yìí, ẹ má bínú sí mi.

Tí àwọn àgbà old boys ilé ìwé ńláńlá ilẹ̀ wa bá ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe tiyín nìkan, ìtàn kan náà ni wọ́n máa ń sọ: nǹkan dára, nǹkan dára, nǹkan dára, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá dé, nǹkan bàjẹ́. Wọ́n á mirí. Wọ́n á ní ẹ wo òrùlé, ẹ wo yàrá tí a ti kàwé, ẹ wo bí ọmọ ṣe kún ibẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ìta géètì, tí mo bá gbọ́ ọ, mo máa ń bi ara mi léèrè pé ta ni wọ́n ń bá wí.

Ẹ jẹ́ ká tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀. 17 January 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Western Region. Ọmọ àgbẹ̀ wọlé, ọmọ alápatà wọlé, ọmọ Àpáta náà wọlé. Ó parí prámárì. Ó wá kù kí ni? Ilé ìwé gíga jù wà níwájú ilé wọn, ó ń wò ó, ṣùgbọ́n ìdánwò ẹ̀ le, ọmọ tí tíṣà ẹ̀ dáa tí bàbá ẹ̀ ní ìwé nílé ló máa ń yege, tó bá sì yege, owó ilé ìwé ń dúró dè é. Ọ̀pọ̀ wọn lọ kọ́ṣẹ́. Mẹkáníìkì, télọ̀, bíríkìlà. Kò sí ẹ̀gàn nínú ẹ̀, àwọn ló kọ́ Àpáta. Títí di October 1979 tí UPN, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, gba ìjọba, Bọ́lá Ìgè di gómìnà Ọ̀yọ́, wọ́n ní sẹ́kọ́ńdìrì náà ti di ọ̀fẹ́. Ìgbà yẹn ni géètì tó ṣí.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: 1929 sí 1979, àádọ́ta ọdún. 1979 sí 2029, àádọ́ta ọdún. Ọdún tí ẹ máa ń sọ pé nǹkan ti bàjẹ́ yẹn, àárín gbùngbùn ọgọ́rùn-ún ọdún yín ló wà. Ìdajì ọjọ́ orí ilé ìwé yín ni ẹ kì í fẹ́ sọ. Ẹ máa gbé ìwé jáde lọ́dún náà, ẹ máa kọ àádọ́ta ọdún àkọ́kọ́ ní ojú ìwé rẹpẹtẹ, Ṣóyínká lọ́tùn-ún, Akínkùgbé lósì, àádọ́ta ọdún kejì á wá di orí ìwé kan péré tí wọ́n á fi ṣọ̀fọ̀. Àwọn tó jáde lásìkò yẹn ńkọ́? Wọ́n pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Tíṣà wà nínú wọn, nọ́ọ̀sì ọkùnrin wà nínú wọn, àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù spare parts lẹ́bàá NNPC, àwọn tó wà ní Canada tí wọ́n ń fowó ránṣẹ́ sílé, ìyá wọn ta ẹ̀fọ́ ní ọjà Àpáta títí wọ́n fi gbàwé ẹ̀rí. Lójú ìyá yẹn 1979 ò bàjẹ́ o. Ó lè máa fi ṣe orúkọ ọmọ.

Mo gbà pé òótọ́ ni pé nǹkan dàrú. Ọmọ pọ̀ ju àga lọ, bọ́dìńgì kú, tíṣà ò tó. Owó epo já lulẹ̀ láàárín 1981 sí 1983, ìjọba ìpínlẹ̀ kan ò rówó san fún tíṣà, àwọn sójà gbàjọba ní ìparí 1983, SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé ní 1986, tíṣà tó dáa ń sá lọ síbi tí owó wà, gbogbo wa la jìyà ẹ̀, yunifásítì náà jẹ nínú ẹ̀, ọsibítù náà jẹ nínú ẹ̀. Ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn fún ogunlọ́gọ̀ ọmọ tí kò kọ́ yàrá kún yàrá, ó ní ẹjọ́ láti rò, mi ò ní gbèjà ẹ̀. Ọmọ tó bá ẹnu ilẹ̀kùn wọlé kọ́ ló lẹ̀bi. Ẹ ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ nínú ìwé yín, ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún gan-an nìyẹn, gbogbo yòókù lè dúró.

Torí ẹ̀ náà ni ara ṣe ń fu wa tí a bá gbọ́ pé old students fẹ́ gba ilé ìwé kan mójú tó. Ní 2016 tí ìjọba Ajímọ̀bi ní Ọ̀yọ́ gbé ètò kan jáde pé kí àwọn míṣọ́n, àwọn old students àti àwọn oníṣòwò wá bá wọn dá sí àwọn sẹ́kọ́ńdìrì kan, ẹ rántí bí NLC, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ṣe yarí, tí àwọn ọmọ ilé ìwé náà bọ́ sí títì. Àwọn kan ní àìmọ̀kan ló ń da àwọn aráàlú láàmú. Kì í ṣe àìmọ̀kan. Ìbéèrè tó wà lọ́kàn òbí ni pé tí àwọn bàbá yìí bá tún un ṣe tán, tó dán, tí tíṣà gidi dé, ṣé ọmọ mi á ṣì rówó wọ ibẹ̀? Òrùlé tẹ́ ẹ kàn, yàrá tẹ́ ẹ tún ṣe, a rí gbogbo ẹ̀, ẹ ṣeun, kò sí ẹni tó ń fi ojú kékeré wò ó. Ẹ kàn bá wa kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ ayẹyẹ, kí gbogbo ayé gbọ́, pé àyè kan wà lọ́dọọdún fún ọmọ tó parí prámárì ní Àpáta, Bẹ́ńbò, Owódé àti agbègbè wa tí òbí ẹ̀ ò ní lọ́wọ́. Ẹ fi ìdánwò ṣe é, a ò bẹ̀rù ìdánwò.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbàgbé pé àdúgbò yìí kì í ṣe ilé ìwé kan. Queen's School kó wá sí Àpáta láti Ẹdẹ ní 1967, ilé ìwé tí Dókítà Adadevoh ṣe nìyẹn, ẹni tó dá Ebola dúró l'Ékòó ní 2014 tó sì fi ẹ̀mí ẹ̀ dí i. Lọ́nà Ẹlẹ́yẹlé lọ́hùn-ún, inú ọsibítù àwọn sójà àtijọ́ ni University College ti bẹ̀rẹ̀ ní 1948 kó tó kó lọ síbi tó wà báyìí. Ẹni tó bá to gbogbo ìyẹn pọ̀ mọ́ Moor Plantation máa rí i pé apá Ìbàdàn tí wọ́n ń fojú ọ̀nà Abẹ́òkúta lásán wò yìí, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí tanker àti gosiló, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ìwé ti rọ̀gbọ̀kú sí. Bẹ́ ẹ bá kọ ìyẹn, ìtàn yín á tóbi sí i ni, kò ní dínkù.

Ohun tí mo rò pé ẹ lè ṣe kí 2029 tó dé rọrùn. Àwọn àgbà tó mọ 1940 àti 1950 ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má dúró de ọdún náà gan-an. Fóònù ti tó láti gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá, kí wọ́n sọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n, ẹ má fi ìbéèrè oyinbo há wọn mọ́ inú yàrá, ẹ bá wọn jókòó sábẹ́ igi. Rẹ́jísítà àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́, tó bá ṣì kù nínú ọ́fíìsì, ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé ẹ̀ kí ikán tó parí ẹ̀. Ẹ mú ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ, ẹ ṣí géètì sílẹ̀ fún àdúgbò láti àárọ̀ dalẹ́, láìsí káàdì ìpè, kí ìyá arúgbó tó ti gbé ìta fẹ́ǹsì látọjọ́ tó ti wọlé ọkọ lè wọlé wá wo pápá tó ń gbọ́ ariwo ẹ̀. Ògiri ìrántí tẹ́ ẹ bá sì kọ́, kí orúkọ kúùkù àti gádínà wà lára ẹ̀, lẹ́tà tí wọ́n bá fi kọ orúkọ gómìnà ni kí wọ́n fi kọ tiwọn.

Ní tiwa, a ò ní káwọ́ gbera. Ìdílé tí bàbá wọn ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, a mọ ilé wọn. Àwọn old boys lẹ́yìn 1979 tí wọn kì í wá ìpàdé torí pé wọ́n rò pé wọn ò bẹ́gbẹ́ mu, a mọ ṣọ́ọ̀bù wọn, òmíì wà tó jẹ́ pé òun ló ń tún mọ́tò yín ṣe tí ẹ ò mọ̀. Ẹ yan èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tó ní sùúrù, kí wọ́n yọjú sí Àpáta lọ́jọ́ Sátidé kan tí kò sí òde púpọ̀. Kí wọ́n má gbé jíìpù wá, torí ọ̀nà inú lọ́hùn-ún ò dáa, àwọn ọmọ wa ló máa mú wọn kiri láti ojúlé dé ojúlé.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Àpáta kan